Ọmọ Ibo Ni Ọ́? Bí Mo Ṣe Di Lọ́yà Àwọn Àlejò ní Kùmásì

Kí n tó di lọ́yà àwọn àlejò, ẹjọ́ oko kòkó ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí àwọn kan máa ń sọ kiri pé ẹ̀rù ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí, pé nítorí pé èmi náà jẹ́ àlejò ni mo ṣe sá sábẹ́ òfin àlejò. Irọ́ gbuu ni. Mo mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe dáadáa. Bí ẹbí méjì bá ń jà lórí oko, tí ọ̀kan ní igi ọ̀pẹ ni ààlà, tí èkejì ní odò ni, èmi ni ọ̀gá mi máa ń rán lọ sí abúlé. Mo gbọ́ Twi débi pé àwọn àgbà ibẹ̀ á ti tú gbogbo àṣírí sílẹ̀ lójú mi kí wọ́n tó rántí béèrè pé ọmọ ta ni mí.

Ọ̀gá mi yẹn, ọmọ Àṣántí ni, àgbà agbẹjọ́rò tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Adum láàárín ìlú. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì Legon. Obìnrin tó ń ṣe lọ́yà ò pọ̀ nígbà náà, èyí tó wá jẹ́ Yorùbá ní Kùmásì, mi ò mọ ẹlòmíì yàtọ̀ sí ara mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o lè sọ̀rọ̀ sókè?" Mo ní, "Ọjà Kejetia ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi tábìlì mi hàn mí.

Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran ní Kejetia, àárín abọ́ ni mo sì ti ka ìwé mi. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò rántí ohun kan níbẹ̀, kì báà ṣe ògiri. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í dárúkọ ìlú náà nílé wa. Bí àgbàlagbà bá bi ọmọdé pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?" tí ọmọ náà bá dáhùn pé Kùmásì, ìgbájú ni yóò fi gba èsì. Bó ṣe rí nínú ìjọ wa náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí ní àdúgbò Asawase àti Aboabo. Kùmásì ni ibi tí à ń gbé. Ìlú bàbá ẹni ni ibi tí a ti wá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, wọ́n á ní kò nílé.

Lápá ìparí ọdún 1969 ni ìjọba kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ìgbélùú kẹ̀! Àwọn tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, tí ọmọ wọn ti bímọ, wọn ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń gba ìwé kí wọ́n tó gbé ibi tí wọ́n ń gbé. Ọjà tú. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí àga wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà níwájú mi kò ju ìwọ̀nba lọ, ẹni tó ń ta dùùrù sì ti wà lójú ọ̀nà Nàìjíríà.

Bàbá mi ta abọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé e. Èmi ní ìwé tèmi, nítorí ọ̀gá mi ti fi dandan lé e pé kí n gbà á ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi rò pé n óò bá wọn lọ. Ìdí ọkọ̀ ni a ti jà á.

"Kí lo fẹ́ dúró ṣe níbi tí wọ́n ti ní ká máa lọ?"

"Iṣẹ́ mi, Bàbá."

"Ṣé kò sí lọ́yà nílé ni?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀. Ta ló kù síbí?"

Ó mọ̀ pé mo ti jogún orí kunkun rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń mira, ó na ọrùn jáde, ó ní, "Ó dáa. Bí wọ́n bá sáà bi ọ́ léèrè, o mọ ohun tí wàá sọ." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ lọ, mo sì sunkún lójú gbogbo èrò títí tí obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi fún mi lómi mu.

Àwọn tó kù ni wọ́n sọ mí di ohun tí mo dà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tó láti rìn, ẹni tí wọ́n bí sí Kùmásì tí kò mọ ọ̀nà ibòmíì, ẹni tó lọ tó sì padà wá, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ni mo mọ̀ ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de. Mo ní n kò mọ ẹnì kankan, òfin ni mo mọ̀. Wọ́n á wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ọ̀gá mi náà ò rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹjọ́ àwọn tó ti lọ tán lo fẹ́ máa rò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka òfin náà bí ẹni ka Sáàmù, mo sì rí i pé kò le tó bí rédíò ṣe sọ ọ́. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ náà ni. Bàbá tàbí ìyá. Àwọn èèyàn wa kì í gbọ́ apá kejì yẹn, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìlú ìyá.

Ó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn tí bàbá mi lọ kí Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ tó wọ ọ́fíìsì wa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Kejetia ń pè é, nítorí ohun tó ń tà. Mùsùlùmí ni, opó, ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó ga, ó sì máa ń na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán bí ẹni tó ru omi. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti bá ọkọ lọ sí Ìlọrin. Àwọn ọbàkan rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ ní ọdún ìkéde yẹn.

Ọlọ́pàá ló mú un nídìí ìsọ̀. Wọ́n mú un dé ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de, wọ́n bi í pé níbo ló ti wá, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ dà, kò ní. Wọ́n wá dá ọjọ́ fún un lápá ìparí oṣù: kó padà wá sọ ìdí tó fi yẹ kó dúró. Bí kò bá rí ìdí sọ, wọ́n á gbé e kọjá bodè.

"Ti ìsọ̀ kọ́, Lọ́yà," ó ní. "Ìyá mi ni. Ojú wọn ti fọ́. Wọn kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì, wallahi, wọ́n á ní májèlé ni. Bí wọ́n bá gbé mi lọ, ebi ni yóò pa wọ́n."

"Ẹ mú wọn dání."

"Dé Ògbómọ̀ṣọ́? Wọn ò ní dé bodè kí wọ́n tó kú. Kí ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Wọn ò débẹ̀ rí."

Mo gbé bírò sílẹ̀. "Màmá yín ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí? Ọmọ ibo ni wọ́n?"

"Apá Ejisu lọ́hùn-ún," ó ní, bí ẹni tí mo béèrè iye aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Ejisu ò jìnnà sí Kùmásì, ọmọ Àṣántí gidi ni ìyá yẹn. "Ìyá yín jẹ́ ọmọ Ejisu, wọ́n bí yín sí Asawase, ọlọ́pàá wá bi yín ní ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ wá ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Kí wá ni kí n sọ? Kí n ní mi ò ní bàbá?" Inú bí i gan-an. "Mo tiẹ̀ ki oríkì wa fún wọn!"

Ẹ̀rín pa mí, n ò lè mú un mọ́ra. Mo rí i lójú mi bó ṣe dúró níwájú ọlọ́pàá, tó ń ki ara rẹ̀ jáde kúrò nílùú. Òun náà wò mí títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ni a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ṣàlàyé fún un. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣántí, ẹbí ìyá ló ni ọmọ. Abusua ni wọ́n ń pe ẹbí yẹn. Bí olórí abusua ìyá rẹ̀ bá lè dúró níwájú ọ̀gá ìwọlé-wọ̀de kó ní, "Ọmọ wa ni," ẹjọ́ ti parí. Nítorí náà, a wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro lọ sí abúlé náà lọ́jọ́ kejì.

Olórí ẹbí jẹ́ àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi aṣọ nu ojú nígbà gbogbo. Mo kí i ní Nana, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbẹ̀, mo kí i dáadáa, mo ro ẹjọ́ mi ní Twi tó já geere. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyá rẹ̀, a mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Èyí, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí arákùnrin ìyá rẹ̀ kú, a pè é, kò wá. Nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ kú, a pè é, bàbá rẹ̀ ló wá síbí, ó ní ọmọ òun kì í jókòó síbi òkú kèfèrí. Ọmọ tí kì í bá wa sunkún, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú ìjọba kí n ní tiwa ni?"

Ẹni tó bá gbé àárín Àṣántí mọ̀ pé òkú ni ẹbí fi ń mọ ara wọn. Ẹni tí kò bá wá síbi òkú ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe ara wọn.

"Bàbá mi ló ní ká má wá," Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ bàbá rẹ. Ta ló ń dá ọ dúró báyìí?" Àgbàlagbà náà nu ojú rẹ̀. "Láàárọ̀ yìí ni a ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú. Sátidé ni ìsìnkú."

A padà dé Kejetia. Nínú èrò tó ń tì wá síwá sẹ́yìn, Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ di apá mi mú. "Lọ́yà, bí mo bá lọ síbẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo ta bàbá mi?"

"Àbúrò ìyàwó bàbá yín lẹ fẹ́ lọ sin. Kí ni títà níbẹ̀?"

"Wọ́n ń mutí níbẹ̀."

"Ẹ má mu ún."

"Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ńkọ́? Wọ́n á ní mo ti di ará Ejisu."

"Ṣé àwọn ni yóò máa fún màmá yín lóúnjẹ?" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fẹ́ kó le.

Ìyá arúgbó ló parí àríyànjiyàn. A bá a nílé ní Asawase, ó ti di aṣọ dúdú rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá rẹ̀ dùn ju ti ọ̀pọ̀ wa lọ, pẹ̀lú Twi láàárín. "Me nua ló kú," ó ní. "Àbúrò mi. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi lọ kó múra. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fún mi ní ọ̀pá mi." Ọmọ rẹ̀ wò ó. Ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ dúdú.

Mo bá wọn lọ ní Sátidé. Lábẹ́ àtíbàbà, àwọn obìnrin ẹbí jókòó nínú aṣọ dúdú àti pupa. Nígbà tí Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ fa ìyá rẹ̀ wọlé, gbogbo wọn gbójú sókè wò wọ́n. Obìnrin àgbà kan dìde, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó sọ fún àwọn yòókù pé ìyá wọn àgbà ló tún padà wá yìí. Wọ́n sún fún un. Ó jókòó láàárín wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, mo sì ń bẹ̀rù pé bó ṣe máa jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyẹn. Àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe òkú. Ó ń rán an létí bó ṣe máa ń yọ́ wá sí Asawase pẹ̀lú ẹ̀pà sísè nígbà tí baálé ilé kò bá sí nílé, tó máa ń pọn ọmọ yẹn, tó máa ń kọrin fún un kó tó tún sá lọ. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí, ó sì ké. Ẹkún náà pọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Èmi tí mo wá nítorí ẹjọ́, mo gbàgbé ẹjọ́, mo ń sunkún bàbá mi tó wà láàyè.

Nana kò bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ lọ, ó rán obìnrin kan pé kó béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de.

Gbogbo àárọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ọjà tó kún, mo ń lọ bá Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ nídìí ìlẹ̀kẹ̀. N óò dúró bí ọ̀gá ìwọlé-wọ̀de, n óò ní, "Wofiri he?" èyí tí í ṣe níbo lo ti wá. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ejisu, ìlú ìyá mi." Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ń há a lọ́fun. Mo ń kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, mo sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé ẹnu tó lè ná ọjà pẹ̀lú Hausa, Twi àti Yorùbá kò lè pe ìlú kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn kí n tó béèrè tán. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀gá ìwọlé-wọ̀de náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ọmọ Àṣántí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, kò sì ní ẹ̀tanú kankan tí mo rí. Nana ti wá, pẹ̀lú àgbà méjì, wọ́n da aṣọ bora. A jókòó. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Wofiri he?"

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán. "Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní.

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti gbé bírò.

"Lọ́yà, ẹni yín ti dáhùn."

"Ó dáhùn ìlú bàbá rẹ̀, sà, báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wa," mo ní, mo sì dìde, nítorí pé orí ìdúró ni ọpọlọ mi ti ń ṣiṣẹ́ jù. "Ẹ fún mi láyè kí n bi í ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan." Ó gbà. Mo yíjú sí obìnrin náà. Mi ò béèrè ìlú mọ́. "Àbúrò ìyá yín tó kú, ta ló sin ín?"

"Àwa ni," ó ní. Kò tiẹ̀ rò ó. "Nana yìí ló ṣíwájú, èmi fa ìyá mi tẹ̀ lé e, a sin ín ní Sátidé."

Bírò dúró. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo Nana.

Àgbàlagbà náà nu ojú rẹ̀. "Ẹ dárí jì í," ó ní. "Àwọn ará Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ wọn nìyẹn, ìlú bàbá ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹkún rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Tiwa ni."

Ọmọ Àṣántí kò nílò kí wọ́n tún un sọ fún un. Ó kọ ohun tó fẹ́ kọ, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó ní kí ìyá máa lọ sílé lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ kúnlẹ̀ fún Nana, ó ń dúpẹ́ ní èdè mẹ́ta. Mo ń kó ìwé mi jọ, inú mi ń dùn, orí mi wú. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò tún bi mí pé ta ni mo mọ̀.

"Lọ́yà," ọ̀dọ́kùnrin náà pè mí nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Twi yín já geere ju tèmi lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Wofiri he?"

Èmi tí mo ti ń kọ́ ẹlòmíì ní èsì ìbéèrè yẹn láràárọ̀, nínú ìlú kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé, n kò dúró rò ó.

"Ògbómọ̀ṣọ́," mo ní.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà mi orí. Ó ní kò burú, kí n má gbàgbé láti mú ìwé ìgbélùú tèmi wá tún ṣe kí ọdún tó parí.

Mo mú un wá. Gbogbo ọdún tí mo lò ní Kùmásì lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ń mú un wá, tí mo ń tò sórí ìlà nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn àlejò yòókù. Orí ìlà yẹn ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, nítorí n kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú mi dé ẹnu wíńdò kí n tó bi í pé ọmọ ibo ni ìyá rẹ̀.